Alárinà Tí Kò Gbọdọ̀ Tètè Yẹ̀bá

Ìmeèlì kan wà tí gbogbo ẹni tó ń so olùdásílẹ̀ pọ̀ mọ́ olùdókòwò ti kọ rí. Ìlà mẹ́ta péré ni. Àkọ́kọ́ á ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi kí Lágbájá." Ìkejì á ní iṣẹ́ takuntakun ni Lágbájá ń ṣe fún àwọn tí kò rí já jẹ. Ìkẹta á ní kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á dá ọjọ́, wọ́n á rí ara wọn lórí Zoom fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, olùdókòwò á ní kí wọ́n fi ìwé díẹ̀ ránṣẹ́ sí òun, ó parí síbẹ̀. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta, apá kan á máa sọ pé àwọn olówó ò láàánú, apá kejì á máa sọ pé àwọn aláàánú ò mọ ìṣirò.

Mi ò gbà pé owó ni kò sí. Owó wà tó ń wá ibi tí yóò wọ̀, iṣẹ́ rere náà sì wà lóríṣiríṣi. Ẹni tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tó lè ka ìwé apá kan, kó tún un kọ títí apá kejì á fi rí ohun tó ń wá nínú rẹ̀, láìfi irọ́ kankan kún un. Àwọn àgbà ní bí a bá mojú ara wa tán, alárinà a yẹ̀bá. Ìyẹn dáa nínú ọ̀rọ̀ ìyàwó. Nínú ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe aráàlú lóore kó sì tún padà wálé, alárinà tó bá yẹ̀bá lọ́jọ́ tí ojú mojú ti sá lọ kí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí oníkálukú ń kà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ń ka àwọn ìyá tó sọ̀ kalẹ̀ ní wẹ́rẹ́. Ẹni tó kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ń ka hẹ́kítà àti ìgbà òjò. Ẹni tó ń kọ áàpù ń ka iye èèyàn tó wọlé lánàá. Olùdókòwò ń ka oṣù: oṣù mélòó ni owó yìí máa fi wà níta, kí ló máa mú bọ̀, kí ló lè dá a dúró sọ́nà. Lọ́yà ń wo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ síwèé. Kò sí ẹni tó ń parọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kó wọn jókòó sínú yàrá kan láìsí ògbufọ̀, kẹ́ ẹ wá wo bí oníkálukú á ṣe máa mi orí sí ọ̀rọ̀ tí kò yé e.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Ọdún 2001 ni Jacqueline Novogratz dá Acumen sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lórí èrò pé owó kan wà láàárín ìtọrẹ àti òwò, owó onísùúrù, tó fẹ́ padà wálé ṣùgbọ́n tí kò kánjú. Ní 2007, níbi ìpàdé kan tí Rockefeller Foundation pè sí Bellagio ní Ítálì, irú owó bẹ́ẹ̀ gba orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é báyìí, impact investing, ìdókòwò tó ń wá oore pẹ̀lú èrè. Ní 2009 ni wọ́n gbé GIIN kalẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú IRIS, àkójọ òṣùwọ̀n tí àwọn olùdókòwò fi ń wọn oore. Orúkọ ti wà, òṣùwọ̀n ti wà. Ẹni tó máa gbé òṣùwọ̀n náà dé ẹnu ìlẹ̀kùn ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìséyìn ló kù.

Ẹ wo LifeBank, tí Temie Giwa-Tubosun dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2016. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Bí alárinà bá gbé irú iṣẹ́ yìí lọ bá olùdókòwò pé iṣẹ́ ìgbẹ̀mílà ni, kó má retí ju owó ìtọrẹ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀kadà, máàpù, òtútù tí kò gbọdọ̀ yẹ̀, àti ilé ìwòsàn tó ń sanwó. Iṣẹ́ ìṣègùn ni, iṣẹ́ ẹrù gbígbé sì ni. Olùdókòwò tó ti fowó sí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé oúnjẹ kiri mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò iye tí ìrìn kan ń náni. Dókítà mọ ìdí tí ogún ìṣẹ́jú fi lè pààyàn. Iṣẹ́ alárinà ni kó mú àwọn méjèèjì wo ìrìn kan ṣoṣo náà, kí wọ́n jọ sọ ọ̀rọ̀ lé e lórí.

Yàrá òtútù kan nínú ọjà

Ká mú ọ̀ràn kan ká tú u wò fínnífínní: yàrá òtútù tó ń lo oòrùn, nínú ọjà tòmátì. ColdHubs, tí Nnaemeka Ikegwuonu dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ímò, ló sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ ní Nàìjíríà. Ọlọ́jà kì í ra ẹ̀rọ. Kéréètì tó bá gbé wọlé ló ń sanwó rẹ̀, lójoojúmọ́, ₦100 sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn òǹkà tó ń bọ̀ yìí kì í ṣe tiwọn o. Èmi ni mo ṣe é láti fi ṣàlàyé.

Yàrá kan gba kéréètì 150, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kílò 20. Ká ní ₦300 ni owó kéréètì kan lójúmọ́, ká sì ní kéréètì 90 ló ń wà nínú rẹ̀ lójúmọ́, ìyẹn ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí jẹ́ ₦27,000. Bí wọ́n bá fi ọjọ́ 26 ṣiṣẹ́ lóṣù, ₦702,000 ló wọlé. Ohun tó ń jáde rèé: òṣìṣẹ́ méjì ní ₦80,000 ẹnìkọ̀ọ̀kan, owó ilẹ̀ nínú ọjà ₦60,000, àtúnṣe ₦70,000, owó tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ de ọjọ́ tí bátìrì máa kú ₦150,000, fóònù àti dátà ₦12,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦452,000. Ó ṣẹ́ ku ₦250,000. Kíkọ́ yàrá náà pẹ̀lú sólà àti bátìrì, ká pè é ní mílíọ̀nù 18.

Owó bátìrì yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá nínú ìwé olùdásílẹ̀ èyíkéyìí tó ń lo sólà. Kì í sábà sí níbẹ̀. Tí wọ́n bá yọ ọ́, èrè á di ₦400,000 lóṣù, inú gbogbo èèyàn á dùn, títí ọdún díẹ̀ á fi kọjá tí bátìrì ò ní lè gbé òru mọ́, tí tòmátì olówó á wá jẹrà nínú yàrá tí wọ́n sanwó fún kó má baà jẹrà. Olùdókòwò tó bá rí owó bátìrì nínú ìwé yín láìjẹ́ pé ó béèrè á fọkàn tán àwọn òǹkà yòókù.

Ó yá, ₦250,000 lóṣù máa gba oṣù 72 kó tó kó mílíọ̀nù 18 jọ. Ọdún mẹ́fà gbáko, láìtíì san kọ́bọ̀ èlé. Ẹ mú un lọ sí báǹkì. Lóṣù kọkànlá 2024, Báǹkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ dé ìpín 27.5, báǹkì tó bá fẹ́ yá oníṣòwò lówó nígbà náà á tún gun orí ìyẹn. Ká fi sí 30. Èlé mílíọ̀nù 18 jẹ́ mílíọ̀nù 5.4 lọ́dún, ìyẹn ₦450,000 lóṣù. Èlé nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èrè lọ́nà méjì, ojúlówó owó ò sì tíì kúrò lójú kan. Ẹ wá mú un lọ bá olùdókòwò tó ń wá ilé-iṣẹ́ tó máa di ìlọ́po mẹ́wàá láàárín ọdún márùn-ún. Ìyẹn náà ò ní dúró, torí yàrá òtútù kì í gbèrú bí áàpù. Kéréètì kọkànléláàádọ́jọ ò lè wọ inú rẹ̀, àfi kí wọ́n kọ́ òmíràn.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń tú ká. Èmi rò pé ibí gan-an ni iṣẹ́ alárinà ti bẹ̀rẹ̀, torí owó méjì ló yẹ kó bá iṣẹ́ yìí lọ. Kí wọ́n wá mílíọ̀nù 9 lọ́wọ́ àjọ tó ń fún ni lówó ìrànwọ́ nítorí oúnjẹ tó ń ṣòfò, kí wọ́n wá mílíọ̀nù 9 yòókù ní èlé ìpín 10, fún ọdún márùn-ún, lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ oore tó sì fẹ́ èrè díẹ̀. Ohun tí wọ́n á máa san lóṣù jẹ́ nǹkan bíi ₦191,000. Nínú ₦250,000, ó ṣẹ́ ku ₦59,000 de ọjọ́ burúkú. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó há. Bí kéréètì bá já sí 75 lójúmọ́, èrè á já sí ₦133,000, gbèsè ò ní ṣeé san mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ wá di ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló máa mú kéréètì 90 wọlé lójoojúmọ́, títí kan oṣù tí tòmátì bá wọ́n bí ojú?

Oníṣirò owó á ní kí wọ́n kó ẹ̀fọ́ kún un lóṣù yẹn. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ oko á sọ fún un pé tòmátì ò fẹ́ òtútù tó bá fi púpọ̀ rẹlẹ̀ ju 10°C lọ, àwọ̀ rẹ̀ á bàjẹ́, adùn rẹ̀ á lọ. Ẹ̀fọ́ ewé ní tirẹ̀ ń fẹ́ èyí tó sún mọ́ òdo. Yàrá kan ò lè sin méjèèjì dáadáa lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n lè yí òtútù padà fún odindi oṣù mélòó kan, tàbí kí wọ́n la yàrá sí méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó máa gbé owó ìkọ́lé sókè. Ẹ rí i pé ìpinnu owó ni ìwọ̀n òtútù yẹn. Tí onímọ̀ oko ò bá sí ní ìpàdé, wọ́n á buwọ́ lu ìwé tí kò lè ṣẹ.

Ìdáhùn tó kù wà lọ́wọ́ ìyálọ́jà, lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń kó tòmátì bọ̀ láti òkè ọya, àti lọ́wọ́ alájọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dárúkọ alájọ. Káàdì rẹ̀ tó ní ìlà 31 ni àkọsílẹ̀ tó sún mọ́ òótọ́ jù nípa bí owó ṣe ń wọlé fún ọlọ́jà kékeré ní ilẹ̀ wa: ọjọ́ tó dá, ọjọ́ tí kò dá, ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ìsọ̀ tòmátì dákẹ́. Bí ogún ọlọ́jà bá gbà kí wọ́n wo káàdì wọn fún oṣù mẹ́fà, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, alárinà á mọ àkókò tí ọjà máa ń kú ju bí ìwádìí olówó ńlá ṣe lè sọ fún un. Olùdókòwò tó wà ní London lè má rí káàdì àjọ rí láyé rẹ̀. Kí wọ́n ṣàlàyé fún un. Àkọsílẹ̀ owó ojoojúmọ́ ni, ó sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Oore tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mẹta

Olùdásílẹ̀ yàrá wa yìí á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun tọ́jú kéréètì 28,080 lọ́dún kan. Kéréètì 90, ọjọ́ 26, oṣù 12, ó pé. Ṣùgbọ́n kéréètì tó sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kà á. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá ni ọ̀pọ̀ ń lò, kéréètì 9,360 ló wọlé ní tòótọ́. Olùdásílẹ̀ ò mọ̀ pé òun ṣe àṣìkà. Olùdókòwò tó bá fúnra rẹ̀ rí i lẹ́yìn tó ti fowó sílẹ̀ á pè é ní irọ́.

Àṣìkà kejì jìn jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní gbogbo kéréètì tó wọlé ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ìjẹrà. Ẹni tó bá ti dúró sí ọjà tòmátì ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọn ò tà kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé ààtàn. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń gbé ta lówó pọ́ọ́kú kí wọ́n lè relé. Nítorí náà, ohun tí yàrá ṣe fún ọlọ́jà ni ìyàtọ̀ láàárín iye tí ì bá tà á lálẹ́ àti iye tó tà á lọ́jọ́ kẹta. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ mú ọlọ́jà ọgbọ̀n, kẹ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ ọ́ sílẹ̀ kí yàrá tó bẹ̀rẹ̀: mélòó ló rà, mélòó ló tà níye tó fẹ́, mélòó ló gbé ta ní pọ́ọ́kú, mélòó ló dà nù. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn tí yàrá bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ ṣe é ní ọjà míì tí kò ní yàrá, torí owó tòmátì ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ìgbà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Láìsí ọjà kejì yẹn, ẹ̀yin á gbà pé yàrá ló ṣe ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe. Ọmọ ilé-ìwé gíga méjì àti ìwé àkọsílẹ̀ ti tó fún iṣẹ́ náà.

Ká ní ìyàtọ̀ yẹn jẹ́ ₦2,000 lórí kéréètì kan. Owó yàrá fún ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ ₦900. ₦1,100 ló kù sọ́wọ́ ọlọ́jà. Òǹkà yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo alárinà máa wá, torí ó ń dáhùn ìbéèrè méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ẹni tó fún wọn lówó ìrànwọ́, òun ni oore. Fún ẹni tó yá wọn lówó, òun ni ìdí tí ọlọ́jà á fi padà wá lọ́la. Bó bá já sí ₦200, oore kéré, kéréètì 90 náà ò sì dájú. Bí olùdásílẹ̀ bá ní òǹkà kan fún àwọn olóore àti òmíràn fún àwọn olówó, tí méjèèjì ò pàdé níbì kankan, ẹ fura.

Ẹ mú òṣùwọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin látinú IRIS, kẹ́ ẹ sì rọ gbogbo ẹni tó fowó sílẹ̀ kó fara mọ́ wọn. Mo ti rí ilé-iṣẹ́ elénìyàn mẹ́fà tí ẹnì kan nínú wọn ò níṣẹ́ míì ju kó máa kún fọ́ọ̀mù lọ. Fún àwọn tó wà nídìí ìṣègùn, ẹ má fi àkọsílẹ̀ aláìsàn ránṣẹ́ sí olùdókòwò nítorí pé ó ní òun fẹ́ rí ẹ̀rí. Òfin ààbò dátà ti 2023 wà ní Nàìjíríà. Àpapọ̀ òǹkà láìsí orúkọ ló yẹ kó lọ.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lórí kíka oore wá láti Rajasthan ní Íńdíà, láàárín 2015 sí 2018. Educate Girls ń mú àwọn ọmọbìnrin padà sílé ìwé. UBS Optimus Foundation, àjọ olóore ti báǹkì UBS, ló ṣe olùdókòwò: ó kó $270,000 sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. CIFF, àjọ olóore míì, ṣèlérí pé òun á san án padà pẹ̀lú èrè bí àbájáde bá dé. IDinsight, ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí kò sí lẹ́yìn ẹnì kankan, ló ń dán àwọn ọmọ wò. Alárinà ni Instiglio. Nígbà tí ọdún kejì parí, ohun tí àwọn ọmọ kọ́ ò ju nǹkan bí ìdajì ohun tí wọ́n ṣèlérí lọ. Ká ní ìròyìn ìparí nìkan ni wọ́n ń dúró dè, ó ti bọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wo òǹkà bó ṣe ń wọlé, wọ́n sì yí iṣẹ́ padà: wọ́n pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí oníkálukú mọ̀, wọ́n lọ bá àwọn tí kì í wá ní ilé wọn. Ní 2018, ẹ̀kọ́ dé ìpín 160 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n lépa, ìforúkọsílẹ̀ dé 116, olùdókòwò sì jèrè ìpín 15 lọ́dún. Instiglio wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìbuwọ́lùwé, lọ́dún tí nǹkan ò dán mọ́rán. Àlàyé ọgbọ̀n ojú ewé lórí irú àdéhùn yìí pọ̀, gbogbo wọn fẹ́ràn ìparí rẹ̀. Ọdún kejì ni kẹ́ ẹ kà.

Ìwé, dọ́là, àti ọjọ́ orí owó

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ló forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees lábẹ́ CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní NGO nìyẹn. Irú rẹ̀ kò ní ìpín tí èèyàn lè rà. Olùdókòwò tó fẹ́ ra ìpín lè fẹ́ràn yín títí, kò ní ohun tó máa rà. Company limited by guarantee, ilé-iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kàn ń ṣe onídùúró fún, náà ò lè pín èrè fún wọn. Ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á dá ilé-iṣẹ́ onípìn-ín kan sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ NGO náà: owó ìrànwọ́ á wọ ọ̀kan, ìdókòwò á wọ èkejì. Kò burú, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ìgbìmọ̀ kan náà ló ń jókòó fún méjèèjì. Owó ìrànwọ́ ń sanwó oṣù òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, láìsí àdéhùn kankan nílẹ̀. Áàpù tí owó NGO kọ́, ilé-iṣẹ́ ló ń tà á. Kí wọ́n ní àkáǹtì méjì, kí ẹni méjì ó kéré tán nínú ìgbìmọ̀ NGO má ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́, kí àdéhùn wà lórí iṣẹ́ tí ọ̀kan ń ṣe fún èkejì àti iye rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ẹni tó ni áàpù, orúkọ àti dátà sílẹ̀. Nínú ìwé ìṣirò, owó ìrànwọ́ ò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ owó ọjà. Ohun tó máa ń ba ìdúnàádúrà jẹ́ jù nìyẹn: ilé-iṣẹ́ ní òun ta ọjà mílíọ̀nù 40, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, mílíọ̀nù 31 jẹ́ owó ìrànwọ́.

Bí owó bá ń bọ̀ láti òkè òkun, CCI, Certificate of Capital Importation, ìwé ẹ̀rí pé owó náà wọlé láti òkèèrè, ni ẹ̀mí olùdókòwò. Báǹkì tó gba owó náà ló ń fún ni, wákàtí 24 sì ni òfin fún un lẹ́yìn tí owó bá wọlé. Òun ló máa jẹ́ kí olùdókòwò lè fi náírà ra dọ́là lọ́nà ìjọba nígbà tó bá fẹ́ kó èrè tàbí owó rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní kí àbúrò òun ní Peckham ní London gba owó náà sí àkáǹtì tirẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́ sílé ti sọ ọ́ nù. Kí wọ́n ti bá báǹkì sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ohun tí owó náà wà fún, ìpín ni tàbí ẹ̀yáwó, hàn kedere nínú ìwé tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yáwó dọ́là fún iṣẹ́ tó ń pa náírà, ẹ ronú dáadáa. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦460 lọ́jà ìjọba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó ti wà ní àyíká ₦1,500. Ẹni tó yá $50,000 gba mílíọ̀nù 23. Ohun tó máa dá padà, láìka èlé, ti di mílíọ̀nù 75. Èlé ìpín 8 tí wọ́n pè ní owó àánú ti di ikú. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ TCX wà láti 2007 láti máa gba irú ewu yìí kúrò lọ́rùn àwọn ayánilówó, àmọ́ owó ni wọ́n ń gbà fún un, ó sì máa ń hàn nínú èlé. Ohun tí mo máa ń dúró lé ni pé kí ẹni tó lè fara da ewu yẹn jù gbé e, ìyẹn kì í sì í ṣe ọlọ́jà tòmátì.

Àwọn olùdásílẹ̀ kì í sábà béèrè ọjọ́ orí owó. Ọ̀pọ̀ àpò ìdókòwò, ìyẹn owó àdájọ tí àwọn olùdókòwò ń fi sílẹ̀, ní ọdún mẹ́wàá láti fi gbé ayé: bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń fowó sílẹ̀, ìyókù ni wọ́n fi ń gbà á padà. Ẹni tí àpò rẹ̀ wà ní ọdún keje ò lè fún yín ní owó ọdún mẹ́jọ, bó ti wù kó fẹ́ràn yín tó, ó sì lè má sọ ọ́ jáde. Béèrè ọdún tí àpò náà bẹ̀rẹ̀, iye tó kéré jù tó ń fi sílẹ̀, bóyá ìpín ló ń rà tàbí ẹ̀yáwó ló ń fún ni, àti ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ní ìgbìmọ̀ wọn. Àpò tó ń fi $500,000 sílẹ̀ ò ní wo $12,000 ti yàrá òtútù kan, torí iye tí lọ́yà àti àyẹ̀wò máa náni ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Yàrá ogójì lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan lè wù ú. Ó lè jẹ́ ìmọ̀ràn tó wúlò jù tí alárinà lè fún olùdásílẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń ṣe ohun kan náà ní ìlú mẹ́rin: kí wọ́n lọ pọ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ìmeèlì tó lè kúrò ńlẹ̀. Kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé ojú ewé kan ni kó bá a lọ: ìṣòro náà nínú gbólóhùn méjì, ẹni tó ń sanwó, òǹkà ẹyọ kan bíi ti kéréètì wa, iye tí wọ́n ń wá àti irú owó tó jẹ́, ohun mẹ́ta tó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ọ̀pọ̀ olùdásílẹ̀ á fẹ́ yọ ohun mẹ́ta yẹn. Ẹ má gbà fún wọn.

Ó ku owó alárinà fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìpín kan nínú owó tó wọlé nìkan ni yóò gbà, lọ́jọ́ tó bá wọlé, ojú rẹ̀ á fọ́ sí owó bátìrì. Lábẹ́ òfin ìdókòwò tuntun ti 2025, ẹni tó bá ń ta ìpín fún ni gba owó lè nílò ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ìpín, nítorí náà kó bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kó tó kọ iye kankan. Èyí tí mo fara mọ́ ni owó iṣẹ́ tó pín sí mẹ́ta. Ìdá kan fún títún ìwé ṣe, yálà olùdókòwò gbà tàbí kò gbà. Ìdá kan nígbà tí wọ́n bá buwọ́ lùwé. Ìdá kẹta lẹ́yìn ìròyìn olóṣù-mẹ́ta kẹta. Ìròyìn àkọ́kọ́ sábà máa ń pẹ́, ìkejì ni ìròyìn burúkú àkọ́kọ́ máa ń wà nínú rẹ̀, kéréètì ti já sí 70, olùdásílẹ̀ ò fẹ́ kọ ọ́, olùdókòwò ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹni tó máa pe àwọn méjèèjì lọ́jọ́ yẹn gbọ́dọ̀ ṣì ní owó tó ń retí.